Alùpùpù lójú ọ̀nà Ìbàràpá: Ìgbàgbọ́ tí kò yẹ bíréèkì wò, ewu ni

Bí ó bá di ọjọ́ Àìkú ní ilẹ̀ Ìbàràpá, tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ bá ti dún, ìró alùpùpù ni yóò tẹ̀ lé e. Láti Ìgbó-Ọrà sí Ìdèrè, láti Ẹ̀rúwà sí Lánlátẹ̀, láti Ayétẹ̀ sí àwọn aba tó wà lọ́nà Ìgàngàn, ọkọ a gbé ìyàwó sẹ́yìn, ìyàwó a pọn ọmọ, ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ a jókòó sórí táǹkì epo níwájú bàbá rẹ̀. Bíbélì àti ìwé orin a wà nínú ọ̀rá kí eruku má bàa bà wọ́n jẹ́. Bí wọ́n bá kọjá tán, eruku pupa nìkan ni ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn yóò rí.

Ẹni tó bá wò wọ́n yóò sọ pé ìgbàgbọ́ ńlá nìyí. Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí àwọn Kristẹni agbègbè náà bi ara wọn, pàápàá jù lọ ẹ̀yin àgbà tí ọmọ yín ń fi alùpùpù jẹun: nígbà tí a bá ní Ọlọ́run ni awakọ̀ wa, kí ni a ń sọ gan-an? Ṣé ohun tí a ń sọ ni pé a ti fi ara wa lé e lọ́wọ́ ni, àbí pé a kò fẹ́ náwó lórí bíréèkì?

Láti ẹsẹ̀ dé orí alùpùpù

Ìlú méje ni à ń pè ní Ìbàràpá: Ìgàngàn, Ẹ̀rúwà, Ayétẹ̀, Tápà, Ìdèrè, Ìgbó-Ọrà àti Lánlátẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n pín sí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹ̀rúwà ni olú ìlú fún Ìlà Oòrùn, Ìgbó-Ọrà fún Àárín Gbùngbùn, Ayétẹ̀ fún Àríwá. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló gbilẹ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ẹ̀gúsí àti iṣu ni wọ́n ń gbìn, oko sì jìnnà sílé. Ọ̀pọ̀ aba ló wà tí mọ́tò kì í dé, àgàgà nígbà òjò. Ẹsẹ̀, kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù ló ń dé ibẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ alùpùpù ní Ìbàràpá kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì. Òun ló ń gbé aboyún lọ sílé ìwòsàn, òun ló ń gbé ẹ̀gẹ́ lọ sọ́jà, òun náà ló ń gbé olùṣọ́-àgùntàn tí ìjọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà lọ́rùn rẹ̀ láti aba kan dé èkejì.

Kí alùpùpù tó dé, ẹsẹ̀ àti ẹṣin ni ìhìnrere fi rin ilẹ̀ Yorùbá. Òṣoògùn, nítòsí Ìsẹ́yìn, tí kò jìnnà sí Ìbàràpá, ni wọ́n ti kó ọmọdékùnrin kan lẹ́rú ní ọdún 1821. Ọmọ náà ni Àjàyí, ẹni tó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther ní ọdún 1864. Inú ìdè ni ó ti rin ojú ọ̀nà ilẹ̀ yìí títí wọ́n fi tà á dé Èkó. Nígbà tí yóò tún fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Yorùbá, ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni ó ti dà, Abẹ́òkúta ni ó sì ti tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún 25. David Hinderer dé Ìbàdàn ní ọdún 1851. Thomas Jefferson Bowen, ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ oníjọ Onítẹ̀bọmi, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìjàyè ní ọdún 1853, ó sì dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1855. Kò sí èyí tó ní ọkọ̀ kankan nínú wọn. Ogun wà lọ́nà, ibà wà lára, òru a sì máa ṣú mọ́ wọn nínú igbó.

Ojú ọ̀nà náà ni ìpè ti bá Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní ọdún 1928, nígbà tó ń wa katakata tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì fún ilé-iṣẹ́ ìjọba. Ìkéjì-Arákéjì, níbi tó ti gbọ́ ìpè náà, ni yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè wà lónìí. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọ ara wọn nílẹ̀ wa.

Ní ti ọ̀kadà, ọkọ̀ òfuurufú ló ni orúkọ yẹn kó tó di ti alùpùpù. Okada Air ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Olóyè Gabriel Igbinedion, ìlú Okada ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ni wọ́n sì ti mú orúkọ náà. Lẹ́yìn tí ìjọba Babangida gbé ètò SAP dé ní ọdún 1986, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn tó ní alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbé èrò. Àwọn èrò ló fi orúkọ ọkọ̀ òfuurufú pè é, àwàdà sì di orúkọ títí dòní.

Ẹ̀yìn ọlọ́kadà, ilé-ẹ̀kọ́ ni

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́, kó lọ jókòó sẹ́yìn alùpùpù láti Ìgbó-Ọrà dé Tápà. Kò ní ọwọ́ ìdarí, kò ní bíréèkì, kò rí gbogbo ohun tó wà níwájú. Ẹ̀yìn ẹni tó ń wà á ló rí. Bí ọlọ́kadà bá fẹ́ yí kọ́nà, alùpùpù á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èrò tí ẹ̀rù bá bà á tó fi ara rẹ̀ sí òdìkejì, òun gan-an ló fẹ́ dá àwọn méjèèjì sílẹ̀. Èyí tó bá rọra tẹ̀ síbi tí awakọ̀ tẹ̀ sí, tí kò di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí kò máa jà lẹ́yìn, wọ́n á yà á láyọ̀.

Àwọn tó mọ Bíbélì yóò rántí Ábúráhámù tó jáde nílé láìmọ ibi tó ń lọ. Kò mọ ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó rán an. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í gbọ́. Wọ́n rò pé ìgbàgbọ́ ni kí ènìyàn di ojú. Ìyá àgbà tó gbọ́n ní Ẹ̀rúwà kì í di ojú gun alùpùpù. Yóò kọ́kọ́ wo ọmọ tó fẹ́ gbé e. Bí òórùn paraga bá ń jáde lẹ́nu rẹ̀, yóò dúró de ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tó mọ̀ pé kì í sáré, yóò gun ẹ̀yìn rẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Mímọ̀ ló ń ṣáájú ìgbẹ́kẹ̀lé. A kò gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run nítorí pé a kò mọ̀ ọ́n, bí kò ṣe nítorí pé a mọ̀ ọ́n, a sì ti rìn pẹ̀lú rẹ̀ rí.

Ẹ̀kọ́ wà fún ẹni tó ń wà á náà. Alùpùpù kì í dá dúró. Bí kò bá rìn, àfi kí ènìyàn fi ẹsẹ̀ tì í nílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò ṣubú. Rírìn rẹ̀ ló ń mú un nàró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbàgbọ́: èyí tí a kàn fi pa mọ́ sílé, tí a kò fi ṣe nǹkan kan, kì í pẹ́ tó fi ń dojú bolẹ̀. Ohun kejì ni pé gbogbo ẹni tó ti pẹ́ lórí alùpùpù mọ̀ pé ihò tí ènìyàn bá tẹjú mọ́, inú rẹ̀ ni yóò kó sí. Ibi tí ojú bá ń wò ni ọwọ́ ń darí sí. Ẹni tó fẹ́ yẹ ihò sílẹ̀ gbọ́dọ̀ gbójú kúrò lára rẹ̀, kó máa wo ibi tó fẹ́ gbà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Pétérù lórí omi kò yàtọ̀ sí èyí. Ìgbà tó ń wo Jésù, ó ń rìn. Ìgbà tó yíjú sí ìjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rì.

Igbá lórí, ẹ̀rù lọ́kàn

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ní láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní, dandan ni kí ọlọ́kadà àti èrò rẹ̀ dé akoto. Ohun tó tẹ̀ lé e di ohun ẹ̀rín káàkiri àgbáyé. Àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé ìkòkò, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà, kí ẹ̀ṣọ́ má bàa mú wọn. Owó akoto wà lára ohun tó fà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan. Ọ̀pọ̀ èrò ló sọ pé àwọn kò ní dé akoto tí ẹlòmíràn ti dé, nítorí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi oògùn sí i, kí ẹni tó dé e sì pòórá tàbí kí orí rẹ̀ dàrú.

Ẹ̀yin tó wà nílé nígbà náà rántí. Àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì wà lára wọn. Ẹni tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò bẹ̀rù ohunkóhun, akoto lásán ló wá ń bà á lẹ́rù. Ẹ jẹ́ ká ronú sí i dáadáa: ohun tí wọ́n ṣe láti dáàbò bo orí ni wọ́n ń sá fún nítorí ẹ̀rù oògùn, wọ́n sì ń gbé orí náà lásán lọ kọlu ojú títì. Èwo ni ìgbàgbọ́ nínú rẹ̀?

A ò lè sọ̀rọ̀ yìí ká má mẹ́nu kan Ògún. Lójú àwọn baba ńlá wa, Ògún ló ni irin, òun ló sì ni ojú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í jáde láìbọ ọ́, àwọn kan a ní ońdè, àwọn kan a ní egbé tí wọ́n gbà pé yóò gbé wọn kúrò bí ìjàǹbá bá fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá di Kristẹni ní abúlé tó sì ju nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀, ohun ńlá ló ṣe. Ẹbí lè máa wò ó bí ẹni tó jáde lọ sójú ogun láìmú ohun ìjà. Ìgbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gun alùpùpù lọ sí oko, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Àwọn kan ju ońdè sílẹ̀, wọ́n kan fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ni. Òróró tí wọ́n gbàdúrà sí wà nínú àpò, aṣọ ìnujú tí òjíṣẹ́ Ọlọ́run fún wọn so mọ́ ọwọ́ ìdarí, sítíkà tí wọ́n kọ Sáàmù 121 sí wà lára táǹkì. Kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sára ohun ìní rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìrántí ni, ó dára. Ṣùgbọ́n bí ó bá rò pé sítíkà náà ni yóò mú alùpùpù dúró nígbà tí bíréèkì bá kọ̀, ońdè náà ló ṣì so mọ́ra, orúkọ rẹ̀ nìkan ló yí padà. Onísáàmù kò sọ pé ìwé ni olùrànlọ́wọ́ òun.

Ẹni tó ní kí Jésù bẹ́ sílẹ̀

Ìtàn kan wà nínú ìwé Mátíù orí kẹrin tó yẹ kí gbogbo ọlọ́kadà tó jẹ́ Kristẹni mọ̀ dunjú. Sátánì mú Jésù lọ sórí ibi gíga tẹ́ńpìlì, ó ní kó bẹ́ sílẹ̀, pé àwọn áńgẹ́lì yóò gbà á. Inú Sáàmù ló ti fa ọ̀rọ̀ yọ láti fi gbè é lẹ́sẹ̀. Jésù kò bẹ́. Ó ní a kò gbọdọ̀ dán Ọlọ́run wò. Bí Ọmọ Ọlọ́run kò bá fi ileri ààbò ṣe ìdí láti bẹ́ sílẹ̀, kí ni yóò mú kí ọmọ ènìyàn fi ṣe ìdí láti sáré àsápajúdé lórí táyà tó ti jẹ tán?

Nehemáyà náà ṣe àpẹẹrẹ fún wa. Nígbà tí àwọn ọ̀tá ń halẹ̀ mọ́ àwọn tó ń mọ odi Jerúsálẹ́mù, ó gbàdúrà, ó sì tún yan ẹ̀ṣọ́ tì í. Kò rí ẹ̀ṣọ́ yíyàn gẹ́gẹ́ bí àìnígbàgbọ́. Ohun tí àwọn baba wa ń sọ náà nìyẹn tí wọ́n fi ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn kó jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2008, fi hàn pé akoto ń dín ewu ikú kù fún ẹni tó bá ní ìjàǹbá alùpùpù ní ìwọ̀n 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní ìwọ̀n 69 nínú ọgọ́rùn-ún. Igbá kò lè ṣe èyí. Ike ọ̀dà kò lè ṣe é. Akoto tí wọn kò so okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n kò lè ṣe é, nítorí yóò ti fò lọ kí orí tó kanlẹ̀. Nígbà tí ìjọba dá àjọ FRSC sílẹ̀ ní ọdún 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n ń wàásù rẹ̀ kò ju pé ọ̀pọ̀ ìjàǹbá tí à ń pè ní àmúwá Ọlọ́run ló jẹ́ àfọwọ́fà.

Ní ọdún 1988 yẹn kan náà, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Barry Coleman, àti gbajúmọ̀ asáré-alùpùpù ọmọ Amẹ́ríkà, Randy Mamola, lọ sí Sòmálíà. Wọ́n rí àwọn alùpùpù tí wọ́n kó wá fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, tí ọ̀pọ̀ wọn dẹnu kọlẹ̀ síbẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ti gbó. Kò sí ẹni tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì wọn, kò sí ẹni tó kọ́ àwọn tó ń gùn wọ́n bí a ṣe ń tọ́jú wọn. Ohun tí wọ́n rí yìí ló bí Riders for Health, ẹgbẹ́ tó gba iṣẹ́ ìtọ́jú alùpùpù àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kanrí ní oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ̀bùn rere ni alùpùpù, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí a kò tọ́jú kì í pẹ́ di ìpáǹtí.

Kí òru má ṣú mọ́ ọ lọ́nà

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà Ìbàràpá kò mọ sí orí ihò àti eruku. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, wọ́n pa Dókítà Fatai Aborode, àgbẹ̀ ńlá kan ní Ìgàngàn, nígbà tó ń ti oko bọ̀ lórí alùpùpù. Ní òru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngàn, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì sun ilé àti ààfin Aṣígàngàn. Ọjọ́ Àìkú ni ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́ sí.

Láti ìgbà náà, ọ̀nà oko kò rí bákan náà mọ́ lójú àwọn àgbẹ̀. Onígbàgbọ́ tó ń lọ sí ìsọ́ òru ní abúlé kejì ní láti bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó yẹ kó ṣe. Èsì kan kò lè tán gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n a mọ èyí: kò sí ibi tí Bíbélì ti pe ìṣọ́ra ní ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìtẹ̀ mọ́ Pọ́ọ̀lù ní Dàmásíkù, inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lára odi ní òru, ó sì sá lọ. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ rìnrìn àjò fún ìhìnrere, tí ọkọ̀ ojú omi rì mọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mọ ìgbà tó yẹ ká lọ, ó mọ ìgbà tó yẹ ká sá. Ìjọ tó bá ní ìsọ́ òru lè ṣe é kí àwọn tó wá láti ọ̀nà jíjìn sùn síbẹ̀ mọ́jú. Kò dín agbára àdúrà kù.

Ẹni tó gbàdúrà tó ṣì ṣubú

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn wá jù ni èyí. Àwọn kan gbàdúrà kí wọ́n tó jáde, wọ́n dé akoto, wọn kò sáré, síbẹ̀ ọkọ̀ gbá wọn. Bí wọ́n bá gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ délé, àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé ó ní láti jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó. Ọ̀rọ̀ yẹn a máa dun opó ju ikú gan-an lọ.

Jésù ti dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́kun. Nínú ìwé Lúùkù orí kẹtàlá, ó mẹ́nu kan àwọn 18 tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé wọn kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ ju àwọn yòókù ní Jerúsálẹ́mù lọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé nínú Ọlọ́run kì í ṣe owó tí à ń san kí ìjàǹbá má bàa kàn wá. Ohun tó jẹ́ ni pé bí a bá délé láyọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni a wà, bí a bá sì ṣubú lọ́nà, a kò jábọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gbà á bẹ́ẹ̀ lè gun alùpùpù láìgbọ̀n. Ẹni tó rò pé àdúrà òun ti ra ààbò tán, ọjọ́ tí táyà bá bẹ́ ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ náà yóò bẹ́.

Ìbéèrè tí Jésù fi sílẹ̀ fún wa nípa ẹni tó bá ìjàǹbá pàdé lọ́nà kì í ṣe ta ló ṣẹ̀. Ta ló dúró ni. Àlùfáà kọjá, ọmọ Léfì kọjá, ará Samáríà ló sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹran rẹ̀, ó di ojú ọgbẹ́, ó gbé ọkùnrin náà lọ síbi ìtọ́jú, ó sì sanwó. Ìbàràpá ní irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Dókítà Olúyọ̀ḿbọ̀ Awójobí, oníṣẹ́ abẹ tó lè jókòó sí ìlú ńlá, fi Ẹ̀rúwà ṣe ilé láti ọdún 1983, ó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1986, ó sì tọ́jú àwọn ará oko títí ó fi jáde láyé ní oṣù Kẹrin ọdún 2015. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ló fi ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò. Kẹ̀kẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn fi ń rìn, òun fi gba ẹ̀mí là.

Ohun tí àwọn ará ibòmíràn ṣe

Kì í ṣe Ìbàràpá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àlùfáà Kátólíìkì kan tó jẹ́ ọmọ Jámánì, Otto Fuhrmann, ṣàìsàn níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní gúúsù Áfíríkà, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàmíbíà lónìí. Ilé ìwòsàn jìnnà, kò sí ọkọ̀ tó yá, ó sì kú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Àlùfáà Paul Schulte, kò sọ pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn kó sì káwọ́ gbera. Ní ọdún 1927, ó dá ẹgbẹ́ MIVA sílẹ̀, tó ń wá ọkọ̀, alùpùpù àti kẹ̀kẹ́ fún àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó wà ní ìgbèríko. Ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà ní Austria ní àṣà kan tó wú wa lórí: lọ́dọọdún, ní àkókò àjọ̀dún Kírísítófà Mímọ́ ní oṣù Keje, wọ́n máa ń rọ àwọn awakọ̀ láti fi owó táṣẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n wà láìsí ìjàǹbá. Owó náà ni wọ́n fi ń ra ọkọ̀ fún àwọn tí kò ní. Ọpẹ́ tí wọ́n fi ń dúpẹ́ di ẹsẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ní Amẹ́ríkà, olùṣọ́-àgùntàn kan tó ń jẹ́ Herb Shreve rí i pé àárín òun àti ọmọ òun ọkùnrin kò gún mọ́. Kò lu ọmọ, kò lé e jáde. Alùpùpù ló rà, àwọn méjèèjì sì jọ ń rìnrìn àjò. Lójú ọ̀nà ni wọ́n ti tún mọ ara wọn. Nínú ìrìn àjò náà ló ti rí i pé ọ̀pọ̀ alùpùpù ni kò sí ẹni tó ń wàásù fún, ó sì dá ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni oní-alùpùpù sílẹ̀ ní ọdún 1975. Ẹgbẹ́ náà wà títí dòní, ó sì ti ń kówó jọ láti ra alùpùpù fún àwọn pásítọ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè.

Ohun tó kù sọ́wọ́ ìjọ àti àgbà

Bí a bá gbà pé Ọlọ́run ni awakọ̀ wa, ó yẹ kó hàn nínú ọ̀nà tí a gbà ń ṣe nǹkan. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ, bí ọmọ ìjọ bá ra alùpùpù tuntun, yóò gbé e wá kí pásítọ̀ gbàdúrà sí i. Àṣà tó dára ni. Kí pásítọ̀ béèrè akoto méjì kó tó nawọ́ sí i: ọ̀kan fún awakọ̀, ọ̀kan fún èrò. Kí ó ní kó tan iná iwájú àti tẹ̀yìn, kó sì tẹ bíréèkì níṣojú ìjọ. Àdúrà náà yóò tún lágbára sí i.

Ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹ bá fẹ́ gun ọ̀kadà, ẹ ká ìró yín jọ dáadáa, ẹ má jẹ́ kí etí rẹ̀ tàbí ọ̀já ọmọ sún mọ́ ṣéènì àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Jíjókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan léwu. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ wọ ṣòkòtò sábẹ́ aṣọ kí ẹ lè ya ẹsẹ̀ jókòó. Bí ọmọ náà bá ń sáré, ẹ ní kó dúró. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn wa jù kan ẹ̀yin àgbà tó ra alùpùpù tí ẹ sì gbé e fún ọ̀dọ́ kí ó máa jábọ̀ owó fún yín. Púpọ̀ nínú yín jẹ́ alàgbà ìjọ, ìyá ìjọ àti ọmọ ẹgbẹ́ akọrin. Ọmọ tó mọ̀ pé bí òun kò bá mú iye kan wá ní ìrọ̀lẹ́, ẹ óò gba alùpùpù, yóò sáré, yóò gbé èrò mẹ́ta, yóò sì máa ṣiṣẹ́ wọ òru. Táyà tó ti jẹ tán tí ẹ kò pààrọ̀ ń bẹ lọ́rùn yín bí ó ti ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ tó ń fi alùpùpù yín wá oúnjẹ, akoto kan ni ó ń béèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ ra á kí ẹ tó gbàdúrà fún un. Bí ẹ bá sì ti rà á tán, ẹ gbàdúrà náà, nítorí ibi tí akoto kò lè dé ṣì pọ̀ lójú ọ̀nà.

Kí Ọlọ́run máa mú wa lọ, kó sì máa mú wa bọ̀.